Ọ̀bẹ, Èékánná àti Iná: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Mímú Èèpo àti Awọ Kúrò

Ọlọ́sàn tó patẹ sí ìdíkọ̀ kì í bó ọsàn fún oníbàárà. Bíbẹ ni ó ń bẹ ẹ́. Ọ̀bẹ mímú tàbí bíléèdì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á máa yí ọsàn náà po díẹ̀díẹ̀, èèpo ojú rẹ̀ á máa jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ títí yóò fi ku kìkì funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Funfun yẹn kò gbọdọ̀ bá a lọ, torí òun ni yóò di omi inú mú nígbà tí oníbàárà bá gé orí ọsàn náà, tó sì fún un sẹ́nu. Bí ọmọdé bá gba ọsàn kan náà, tó ki èékánná bọ̀ ọ́, tó ṣí gbogbo èèpo rẹ̀ dànù títí awẹ́ inú fi hàn síta, ọmọ yẹn ló bó ọsàn.

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè dúró fún mímú ohun tó bo nǹkan lára kúrò. Bẹ wà, bó wà, họ wà. Pa, yin àti fẹ́ wà fún hóró. Tu, wì àti fá wà fún ẹran. Ẹni tó ń kọ́ èdè lè rò pé ohun tó wà níwájú èèyàn ló ń yan ọ̀rọ̀, pé iṣu ní tirẹ̀, adìẹ ní tirẹ̀, ó tán. Ọsàn ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yàn án ni ohun tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, bí èèpo náà ṣe lẹ̀ mọ́ ara tó, àti ibi tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró sí. Ìmọ̀ iṣẹ́ ló kún inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a máa kà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kò fi wọ́n ṣeré. Láti orí ti Samuel Ajayi Crowther ní 1843, dé ti CMS ní 1913, dé èyí tí R. C. Abraham gbé jáde ní 1958, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé àti oko jọ. Ṣùgbọ́n ètò ábídí ni wọ́n tẹ̀ lé. Bẹ wà níwájú ìwé, yin wà lẹ́yìn pátápátá, wọn kò sì pàdé lójú ewé kankan bí wọ́n ṣe ń pàdé nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo lójúmọ́ kan.

Iṣu ni ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Iṣu tútù, bíbẹ ni. Ọ̀bẹ nìkan ló ká èèpo rẹ̀, ọ̀bẹ náà a sì máa mú díẹ̀ lára iṣu lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iyì owó fi ń bẹ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá se iṣu náà tèèpotèèpo, ooru á ti tú èèpo kúrò lára rẹ̀, ìka lásán á sì bó o. Bí ó bá jẹ́ pé inú iná ni wọ́n ti sun ún, èèpo rẹ̀ á gbiná, á di dúdú, á gan mọ́ ara iṣu. Kò ṣeé bẹ, kò sì ṣeé bó. Wọ́n á fi ojú ọ̀bẹ họ ọ́ títí dúdú náà yóò fi wọ́ dànù. Iṣu kan náà ti gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta, iná àti omi ló sì pín wọn fún un. Ìrèké náà ń rìn bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń tà á ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ́, ọmọ tó rà á lódidi ń fi eyín bó o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, ìka ló ń bó o láìsí wàhálà. Dúdú rẹ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ìka tó ráyè wọlé.

Ti ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, le ju ti iṣu lọ, torí májèlé wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èèpo méjì ló wọ̀: èyí tó rí bíi bébà lókè, àti èyí tó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Èròjà tó ń di sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ara rẹ̀ lọ. Nítorí náà bíbẹ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú èèpo méjèèjì kúrò kí wọ́n tó rin ín, kí wọ́n tó fún omi rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó yan án di gààrí. Nàìjíríà ló ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn obìnrin ló ṣì ń bẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gba rírin, ó ti gba fífún, ṣùgbọ́n bíbẹ kò rọrùn fún un, torí ẹ̀gẹ́ kan kò jọ èkejì: ọ̀kan gún, ọ̀kan wọ́, òmíràn ní kókó lára. Ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ èèyàn ló ń mọ ìgbà tó yẹ kó yí. Ní Ìbàdàn, níbi tí IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà láti 1967, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé fún ẹran ọ̀sìn, ti fi hàn pé èèpo tí wọ́n máa ń dà sí ẹ̀yìn ilé gààrí ṣeé rin, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì sá a di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Ẹ̀wà ló yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ lé lórí, torí kò sí ibi tí bíbó ti di iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ kò sì débẹ̀ rárá. Omi àti àtẹ́lẹwọ́ ló ń ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í rẹ ẹ̀wà pẹ́. Èèpo ló kọ́kọ́ ń mu omi. Á wú, á hunjọ, á sì yà kúrò lára hóró. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ ra á. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù, hóró fúnra rẹ̀ á mu omi, á wú kún inú èèpo, èèpo á tún fún mọ́ ọn, ọwọ́ á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra á, wọ́n á da omi sí i, èèpo á léfòó, wọ́n á dà á gba inú asẹ́, wọ́n á tún da omi mìíràn. Wọ́n lè ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ojú dúdú ara ẹ̀wà tó tán. Àwọn tó ń dín àkàrà tà kò ní sùúrù yẹn: wọ́n ń gbé ẹ̀wà gbígbẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ kó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ kí èyí tó kù lè ṣí. Nínú ilé òde òní, bílẹ́ńdà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tàn án, pa á, tàn án, pa á, títí èèpo yóò fi tú.

Orúkọ oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè sọ bóyá wọ́n bó ẹ̀wà tàbí wọn kò bó o. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín tí àwọn kan ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kuru, àti gbẹ̀gìrì tí àwọn ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kì í fi ṣeré, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ẹ̀wà bíbó. Ẹ̀wà àgànyìn, tó gba orúkọ lára àwọn èèyàn Togo, Benin àti Gánà tí wọ́n ń tà á kiri Èkó, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tèèpotèèpo ni wọ́n ń sè é títí yóò fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, inú ata díndín dúdú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Èyí tó yẹ fún ìyanu ni pé iṣẹ́ bíbó ẹ̀wà yìí kò sọnù lójú òkun. Àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, ìyẹn àkàrà tiwọn, ní Bahia, ní Brazil, ń fọ́ ẹ̀wà olójú dúdú, wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n sì ń ṣan èèpo rẹ̀ dànù títí kan ojú dúdú náà, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó dín in nínú epo pupa. Ní 2005, IPHAN, àjọ ìjọba Brazil tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá, forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní orílẹ̀-èdè náà. Ní Cuba, ìyàtọ̀ bíbó àti àìbó wọ inú ẹ̀sìn lọ tààrà: ekrú ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n bó ẹ̀wà rẹ̀, tó funfun, ekrú aró ni èyí tí wọ́n fi èèpo sílẹ̀ sí lára. Ẹni tó bá mọ̀ pé funfun ni Ọbàtálá ń gbà kò ní bèèrè ìdí tí bíbó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Èdè lè kú lẹ́nu àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, kí ọwọ́ ṣì máa bó ẹ̀wà bí wọ́n ṣe ń bó o nílé.

Láti ibi ohun tó rọ̀, ó yẹ kí a dé ibi ohun líle. Ohun tí karawun rẹ̀ kì í tẹ̀, tó jẹ́ pé fífọ́ ló máa fọ́, pa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pa ẹ̀pà, wọ́n ń pa èkùrọ́. Èkùrọ́ ń fẹ́ òkúta méjì: ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́, kí ẹni náà sì mọ agbára tó tó, torí bó bá lù ú jù, ọmọ inú rẹ̀ á rún, bí kò bá tó, á fò sálọ. Ẹ̀pà ń fẹ́ ìka lásán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀pà kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn pípa, wọ́n á yan án, awọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ̀ sínú á gbẹ, wọ́n á bó ìyẹn náà, wọ́n á sì fẹ́ ẹ kí atẹ́gùn lè gbé e lọ. Nínú ẹ̀pà kan ṣoṣo, pa ló ṣáájú, bó ló tẹ̀ lé e, fẹ́ ló parí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ẹ̀pà láìtíì bó o kò tíì ṣe é rí.

Àgbàdo ní tirẹ̀. Wọ́n ń bó háríhá ara rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yin ín kúrò lára ṣùkù. Yin ṣe pàtàkì, torí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń sọ nípa ohun tí wọ́n ń jù nù, èyí ń sọ nípa ohun tí wọ́n ń mú: hóró ni wọ́n ń yin, ṣùkù ló ń ṣẹ́kù. Èèpo ara hóró kò tíì kúrò síbẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ bó o. Wọ́n á rẹ àgbàdo fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ògì á gba inú asẹ́ kọjá, eèrí á kù lókè fún ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀.

Ikin Ifá jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ọwọ́ ti mọ̀ọ́mọ̀ dúró. Ẹran ara ẹyìn ni wọ́n yọ kúrò, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọn kò sì pa á. Karawun èkùrọ́ náà, pẹ̀lú ojú tó wà lórí rẹ̀, ni babaláwo ń fẹ́, mẹ́rìndínlógún ló sì ń kó lé ọwọ́. Ohun tí aládìí ń fọ́ dànù kó tó rí àdí ni awo ń tọ́jú títí ayé rẹ̀.

Obì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àdá la àpò rẹ̀, awọ funfun kan ṣì wà lára hóró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi tàbí kí wọ́n kó o jọ títí awọ náà yóò fi rà, wọ́n á wá bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti fi ewé tẹ́ nínú. Iṣẹ́ yìí ló gbé ọjà obì gooro Ṣàgámù àti Agége ró títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa òkè ọya. Nígbà tó bá wá dé ibi ètùtù, ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n ń pa obì, ìyẹn ni pé wọ́n ń ya awẹ́ rẹ̀, àbàtà olójú mẹ́rin ló sì wúlò fún èyí. Orógbó tí Ṣàngó ń gbà kò ní awẹ́ tó ń yà bẹ́ẹ̀. Eyín tàbí èékánná ni wọ́n fi ń bó awọ pupa rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀gúsí ló ń gba àkókò jù. Wọ́n á fọ́ bàrà, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà, wọ́n á fọ hóró rẹ̀, wọ́n á sá a. Lẹ́yìn èyí, ìka méjì ló ń bó o, hóró kan lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ìtàn. Ẹ̀rọ ti dé síbẹ̀ báyìí, ó sì ń bó àpò kan kí ìka tó bó igbá kan. Èyí dára fún àwọn obìnrin tí ẹ̀yìn àti èékánná wọn ti sìn tó. Àkóbá tó bá a dé ni pé ọ̀rọ̀ ń bá ọwọ́ lọ. Ọmọ tí kò rí ibi tí wọ́n ti ń yin àgbàdo, tó jẹ́ pé inú ọ̀rá ló ti mọ̀ ọ́n, kò ní ohun tí yóò fi yin ṣe. Nínú ilé púpọ̀ ní Èkó, àti ní London dájúdájú, “ẹ bá mi píìlì iṣu” ni wọ́n ń sọ báyìí, “yọ èèpo” ló sì ń rọ́pò gbogbo èyí tó kù. Yọ kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n kò sọ bóyá iṣu tútù ni tàbí èyí tí wọ́n ti sè, kò sọ bóyá ọ̀bẹ ni tàbí ìka. Ohun tí ó ń sọ nù ju ohun tí ó ń sọ lọ. Àwọn tó ń ṣe ìwé Yorùbá fún ilé ẹ̀kọ́ lè tún èyí ṣe láìnáwó púpọ̀: kí wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sábẹ́ iṣẹ́ tó ni wọ́n, oko pẹ̀lú oko, ilé ìdáná pẹ̀lú ilé ìdáná, kí ọmọ lè rí iṣu, ọ̀bẹ àti bẹ lójú ewé kan náà.

Èèpo igi kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀, àyàfi ìkìlọ̀ kan. Àwọn eléwé-ọmọ ń bó èèpo ọ̀gànwó, wọ́n ń bó ti ahùn, ọjà rẹ̀ sì ń tà gan-an. Apá inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Ẹni tó bá bó apá kan, igi lè wo ara rẹ̀ sàn. Ẹni tó bá bó o yípo ti pa á, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́dọ̀ ẹran, omi gbígbóná àti iná ló ń ṣe atọ́nà. Adìẹ, tu ni. Wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná, ìyẹ́ rẹ̀ á rọ̀, wọ́n á tu ú. Omi náà kò gbọdọ̀ hó jù, torí bó bá hó jù, awọ adìẹ á bá ìyẹ́ bó, ọ̀rọ̀ méjèèjì á wá pàdé níbi tí kò yẹ. Ẹja bí èpìyà, họ ni, láti ìrù lọ sí orí, kí ìpẹ́ lè dìde. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, iyọ̀ tàbí eérú ni wọ́n fi ń fọ yíyọ̀ ara rẹ̀. Ìgbín, wọ́n ń fọ́ karawun rẹ̀, wọ́n á wá fi òróǹbó wẹ́wẹ́ fọ ikun rẹ̀ kúrò. Ejò nìkan ni kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́: kò sí ẹni tó bó o, òun ló bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ewúrẹ́, ọ̀yà àti òkété, wọ́n ń wì wọ́n. Irun á jó lórí iná, wọ́n á họ èédú rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, awọ á kù sára ẹran fún jíjẹ. Bí ó bá jẹ́ pé onílù ló ń fẹ́ awọ ewúrẹ́ náà, wọn kò gbọdọ̀ wì í rárá, torí awọ tí iná ti kàn kò ní ṣeé nà mọ́. Bíbó ni wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á nà án sójú dùndún.

Màlúù ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun náà ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Wọ́n ń bó o nílé ìpẹran, bí wọ́n ṣe ń bó ẹranko ńlá níbi gbogbo. Níbòmíràn, awọ yẹn á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bàtà àti báàgì. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ: wọ́n á tún wi awọ tí wọ́n ti bó, yóò sì di pọ̀nmọ́. Ní 2022, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria sọ pé ó yẹ kí wọ́n fi òfin de jíjẹ ẹ́, torí ó ń pa iṣẹ́ awọ lára. Àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò gbà. Ẹ̀sùn tó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti ìlera: àwọn kan ń fi táyà mọ́tò dá iná tí wọ́n fi ń wì í, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú awọ lọ. Ìdáhùn sí ìyẹn ti wà lọ́jà tipẹ́. Pọ̀nmọ́ funfun kò mọ iná táyà. Omi gbígbóná ni wọ́n fi rọ irun rẹ̀, abẹ ni wọ́n sì fi fá a.